Ẹ̀fọ́ Tí Yẹ́misí Gbìn fún Ìkórè

Inú ṣì ń bí mi, n kò ní purọ́. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Yẹ́misí, ẹ lọ bá ẹlòmíràn. Èmi ni mo ń gbé ilé tó tẹ̀ lé tirẹ̀ ní Rippleside, ní apá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ọgbà pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló pààlà ẹ̀yìnkùlé wa, ìjọ kan náà la sì jọ ń lọ, ìjọ tí a ti ń wọ sùtánà funfun, tí a sì ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, yálà ó ṣojú mi, tàbí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣojú rẹ̀.

Ẹ má rò pé ọmọ àgbẹ̀ ni Yẹ́misí. Múṣín ni wọ́n bí i sí, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń kun mọ́tò, níbi tí koríko pàápàá kì í ti hù dáadáa. Nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù, Peckham ni òun àti Lazarus ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé, nínú fúláàtì kan lókè téńté. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Jonah àti Dárasími sí kí wọ́n tó kó wá sí apá ọ̀dọ̀ wa. Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ló ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì, táwẹ̀lì, aṣọ àwọ̀sùn àwọn ìyá àgbà, òun ló ń fọ̀ ọ́, òun ló ń lọ̀ ọ́, òun ló ń ká a. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, òun tí wọ́n tẹ̀ ló máa ń bẹ̀bẹ̀. Ìwà yẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa rí i fín, ó sì máa ń dùn mí ju òun gan-an lọ.

Ìkórè ló sọ ọ́ di ẹni tó ń dá oko sẹ́yìnkùlé. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Kẹsàn-án, ìjọ wa máa ń ṣe ìkórè. Olúkúlùkù á gbé èso ilẹ̀ wá síwájú pẹpẹ, a ó gbàdúrà sí i, lẹ́yìn ìsìn a ó sì lù ú ní gbàǹjo. Ohun tó bá ti dé iwájú pẹpẹ, ó di dandan kí ẹnì kan rà á. Kò gbọdọ̀ padà síbi tó ti wá bó ṣe wá. Àṣà tó dára ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n kí là ń gbé wá gan-an? Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí a rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, tí bébà iye owó rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wọ ọkọ̀ òkun wá. Iṣu inú páálí. Níbi ìkórè èṣí, bí a ṣe ń jó lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú agbọ̀n wa lórí, Yẹ́misí sọ sí mi létí pé, "Màmá Mìdé, nínú gbogbo àwa tá a wà níbí, who planted anything?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí òun sí di ọdún tó ń bọ̀, ohun tí òun fi ọwọ́ ara òun gbìn ni òun yóò gbé síwájú pẹpẹ, bó ṣe ẹ̀kúnwọ́ kan péré. Ó sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ ìkórè pẹ̀lú. Ó ní kí wọ́n má ṣe ra ẹ̀fọ́ lọ́dún yìí, ẹ̀fọ́ wà lọ́rùn òun.

Nínú oṣù Kẹrin, ó ra irúgbìn tẹ̀tẹ̀ àti ti ṣọkọ ní ọjà Barking, ó gbìn ín sínú ike yọ́gọ́ọ̀tì tó lu ní ihò nídìí, ó tò ó sójú fèrèsé gbogbo yàrá. Lazarus ń ráhùn pé òun kò ríbi gbé awò ojú òun lé mọ́. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa kò dára, amọ̀ ni, bó bá gbẹ á le bí àwo, bí òjò bá rọ̀ á máa lẹ̀ mọ́ bàtà. Yẹ́misí tú ibùsùn àtijọ́ Jonah, ó ní kí Lazarus fi pákó rẹ̀ kan àpótí ńlá méjì tí kò ní ìdí, ó ra ilẹ̀ dúdú alápò, ó dà á sí i. Nígbà tí oṣù Karùn-ún ń parí lọ, tí òtútù tó ń pa ewéko ti kásẹ̀ nílẹ̀, ó kó àwọn ọmọ ẹ̀fọ́ rẹ̀ jáde. Lójoojúmọ́ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní í bọ́ kóòtù kó tó lọ wò wọ́n. Òòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ibí kì í tètè wọ̀, nítorí náà tó bá bomi rin wọ́n tán, á tún jókòó tì wọ́n sórí àga ike.

Nínú oṣù Kẹfà, ẹ̀fọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹbẹ. Nígbà tó bá ń fa èyí tó pọ̀ jù tu kí ìyókù lè ráyè, á na ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ sí mi lókè pákó. Mo sè é. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń jẹ ẹ̀fọ́ inú fíríìsà láti ọdún pípẹ́, tó jẹ́ pé bó bá yọ́ tán, omi lẹ óò máa fún lára rẹ̀ bí aṣọ ìnulẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ lè mọ ohun tí mò ń wí. Mo sọ fún un pé, "Yẹ́misí, tí o bá gbé eléyìí dé altar, àwọn èèyàn máa fi pineapple wọn pamọ́." Ó bo ojú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó tuntun.

Ìgbà tó di oṣù Keje ni ihò bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara ewé. Láàárọ̀, ipa kan á wà lórí pákó, á máa dán yinrinyinrin. Dárasími tan iná fóònù rẹ̀ sí abẹ́ ewé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sì rí wọn: ìgbín tí kò ní ìkarahun, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní slug, wọ́n ń jẹun lọ ní tiwọn. Yẹ́misí wọ ìbọ̀wọ́, ó ń ṣà wọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bó ti ń ṣà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pọ̀ sí i.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Ní ìsìn àárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ àdúrà wí i, Yẹ́misí dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ẹ̀fọ́ ìkórè mi sádùúrà. Nǹkan kan ń jẹ ẹ́ lóru, mo ṣe é ṣe é, kò lọ." Ó sọ òtítọ́ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ tiwa, bí èèyàn bá ti sọ pé nǹkan kan ń jẹ ohun ìní òun lóru, kò sí ẹni tó máa ronú kan ìgbín.

Màmá Ọlábọ̀dé di ojú wọn. Màmá Ọlábọ̀dé ni alága ìgbìmọ̀ ìkórè, aríran sì ni wọ́n pẹ̀lú. Beam Park ni wọ́n ń gbé, nínú ọ̀kan lára àwọn fúláàtì tuntun yẹn, lókè kẹrin, níbi tí wọn kò ti ní ilẹ̀ tó tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ rí i pé mò ń bọ̀wọ̀ fún wọn nínú ọ̀rọ̀ mi. Ilé tí a ti tọ́ mi ló fà á, kì í ṣe pé ó wù mí.

Wọ́n ní àwọn rí ìyá arúgbó kan tó wọ aṣọ dúdú, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀fọ́ Yẹ́misí, tó ń já a jẹ.

Yẹ́misí ní, "Màmá, slugs ni, mà. Dárasími fi torch wò wọ́n."

Wọ́n la ojú kan, wọ́n ní, "Ta ló rán àwọn slugs náà?"

Gbogbo ìjọ mí kanlẹ̀. Yẹ́misí jókòó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí Yẹ́misí wà níbi iṣẹ́, tí èmi náà wà níbi iṣẹ́ mi, Màmá Ọlábọ̀dé àti obìnrin méjì láti inú ẹgbẹ́ aládùúrà kanlẹ̀kùn ilé Yẹ́misí. Lazarus ló wà nílé, ó sì fi tayọ̀tayọ̀ ṣílẹ̀kùn. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n gba inú ilé ìdáná jáde sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú agogo, àbẹ́là, àti iyọ̀ tí wọ́n ti gbàdúrà sí. Iyọ̀ náà kì í ṣe fún ìka méjì o. Àpò ńlá méjì ni, irú èyí tí èèyàn ń rà fi se oúnjẹ òde. Wọ́n yí àpótí ilẹ̀ náà po, wọ́n ń kọrin, wọ́n sì ń da iyọ̀ sí ìdí ẹ̀fọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́, kò sí ìkankan tí wọ́n fò. Nígbà tí wọ́n dà á tán, Màmá Ọlábọ̀dé ní omi ni yóò fi èdìdì dì í. Lazarus fa rọ́bà omi, ó yí ẹnu ẹ̀rọ, ó bomi rin iyọ̀ wọ inú ilẹ̀.

Nígbà tí Yẹ́misí dé nírọ̀lẹ́, Lazarus pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rín. "Màmá Jonah, wọ́n ti wá. Ogun yẹn ti tán."

Ó kọjá lára rẹ̀, ó jáde sẹ́yìnkùlé. Ilẹ̀ dúdú tó fi owó rà ti funfun báláú. Dárasími ti ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ahọ́n, ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Daddy, this is literally salt. Are you being serious right now?"

"Iyọ̀ àdúrà ni," Lazarus fèsì. "Respect yourself."

Yẹ́misí kúnlẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó ojú ilẹ̀ náà dànù. Mo gbọ́ tí Dárasími ń sunkún, mo yọjú lókè pákó, mo rí wọn. Mo sáré kó bọ́kẹ́ẹ̀tì mi lọ, a ń da omi sí i léraléra kí iyọ̀ lè ṣàn gba ìsàlẹ̀ lọ. Lazarus dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó ń sọ pé a ń fi ọwọ́ pa iná Ẹ̀mí Mímọ́. Mo dá a lóhùn, ohun tí mo sì sọ kò ṣeé kọ síbí.

Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, etí ewé ti ń gbẹ, ó ń ká jọ bí ìgbà tí iná bá rà á. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì fi máa yípo, igi ẹ̀fọ́ nìkan ló kù nídùúró, wọ́n pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọn kò lómi lára. Yẹ́misí tún irúgbìn gbìn sínú ilẹ̀ kan náà, ó rò pé omi ti fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹyọ kan kò hù. Oṣù Kẹjọ ti ń lọ sópin nígbà yẹn, ara òòrùn ti ń rọ̀, tẹ̀tẹ̀ kì í sì í fẹ́ òtútù.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń bí mi nínú jù. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ọjọ́ iyọ̀ yẹn, Màmá Ọlábọ̀dé jáde wá jẹ́rìí. Wọ́n ní àwọn ọ̀tá Yẹ́misí ti kú, wọ́n bá òkú wọn nílẹ̀. Òkú ta ni? Òkú ìgbín. Lazarus ló ya fọ́tò wọn láàárọ̀, tó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìjọ. Àwọn èèyàn pariwo halelúyà. Lẹ́yìn ìsìn, Yẹ́misí tọ̀ wọ́n lọ jẹ́jẹ́, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, ẹ̀fọ́ yẹn náà ti ń kú. Iyọ̀ yẹn ni, mà."

"Ta ló fọ iyọ̀ àdúrà dànù?" ni èsì wọn. Lazarus ti lọ sọ fún wọn. "Bó o bá fi í sílẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀ ni, ẹ̀fọ́ rẹ ì bá ga jù ẹ́ lọ. Ìwọ lo fi iyèméjì pa á."

Ẹni tó da iyọ̀ sídìí ẹ̀fọ́ kò jẹ̀bi, ẹni tó fẹ́ gbà á là ló jẹ̀bi. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìka tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gé nínú ìjọ tiwa. Wọ́n tún kéde pé kí ẹgbẹ́ obìnrin máa fi Màmá Jonah sádùúrà nítorí ẹ̀mí àìgbàgbọ́. Obìnrin tó jẹ́ pé òun nìkan ló gbàgbọ́ débi tó fi kó irúgbìn sínú ilẹ̀. Mo fẹ́ dìde sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, Yẹ́misí fa ẹ̀wù mi, ó ní kí n jókòó.

Ó lè gba ti Màmá Ọlábọ̀dé mọ́ra. Ti Lazarus ni kò lè gbà. Lazarus ní Màmá kò lè ṣe àṣìṣe, ó sì wí bẹ́ẹ̀ lójú ọmọ. Láti ọjọ́ yẹn, "Ẹ káàárọ̀" àti "Ẹ káalẹ́" nìkan ni Yẹ́misí ń bá ọkọ rẹ̀ sọ. Ó ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń lọ aṣọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ni kò sí. Nígbà kan nínú oṣù Kẹjọ, mo ń sá aṣọ, mo rí Lazarus nìkan níbi àpótí ilẹ̀ náà. Ó lóṣòó, ó ń fi ìka wá irúgbìn tí kò hù. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó ṣe bíi pé nǹkan òun ló bọ́ sọnù.

Nígbà tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ kan, ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀fọ́ Màmá Jonah kò ti yè, kí ó ra agbọ̀n èso bíi ti gbogbo ayé. Kí ó rà á. Lazarus ti lọ rà á, tòun ti ríbọ́nù àti ọ̀rá tí wọ́n fi wé e, kí ojú má bàa tì í.

Lọ́jọ́ náà, Yẹ́misí fi agbọ̀n yẹn sílẹ̀ nínú búùtù mọ́tò. Àwo pẹrẹsẹ kan tó fi aṣọ funfun bò ló gbé lé orí, ó sì jó lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú wa. Nígbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sáàárín àwọn ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ó ṣí aṣọ orí rẹ̀. Àwọn igi ẹ̀fọ́ gbígbẹ náà ni, tòun ti gbòǹgbò, tòun ti iyẹ̀pẹ̀ ìdí wọn.

Orin rọlẹ̀. Màmá Ọlábọ̀dé sún mọ́ ọn. "Kí lèyí, Màmá Jonah?"

"Ohun tí mo kórè ni, mà."

"Ṣé o fẹ́ fi Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Yẹ́misí wà lórí ìkúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Rárá o, mà. Mo ṣèlérí pé ohun tí mo bá gbìn ni màá gbé wá. Òun náà rèé. N ò ní òmíràn."

Wọ́n fẹ́ kí àwọn olùtọ́jú èrò gbé e jáde, ṣùgbọ́n olùṣọ́ ìjọ wa mi orí pé rárá. Ohun tó bá ti dé ibẹ̀ ti dé ibẹ̀. A parí ìsìn pẹ̀lú igi ẹ̀fọ́ gbígbẹ níwájú wa, ojú kálukú ń yẹ̀ fún un.

Bàbá Tóbi ló ń lu gbàǹjo lọ́dọọdún, aláwàdà ni. Ó ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ó ta iṣu, ó ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń mú wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan àwo Yẹ́misí, kò dá àpárá kankan. Ó kàn ní, "Ta ni yóò bẹ̀rẹ̀?" Ẹnì kankan kò nawọ́. A kò lè fi í sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ padà sílé. Màmá Ọlábọ̀dé ń fi ìwé ètò ìsìn fẹ́ ara wọn. Mo fẹ́ nawọ́, Yẹ́misí di ọrùn ọwọ́ mi mú ṣinṣin. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe èmi ló ń dúró dè.

Lazarus dìde láti ìjókòó àwọn àgbà. "Èmi ni mo rà á."

"Èló, Daddy Jonah?"

"Gbogbo ohun tó wà lápò mi." Ó ti dé iwájú, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún wọn. Èmi ni mo yí tap. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀, mi ò fẹ́ sọ ọ́ ni. It was the salt. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe pé ìyàwó mi ò nígbàgbọ́. Iyọ̀ ló pa ẹ̀fọ́ yẹn, àwa la dà á."

A yíjú sí Màmá Ọlábọ̀dé. Ẹni tó ni ẹnu tó ń ríran yẹn, ẹ mọ ohun tó jáde níbẹ̀? Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká kọrin." Títí di òní tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, wọn kò tíì sọ fún Yẹ́misí pé kó má bínú. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Wọ́n sì ń rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ orin náà. Lazarus kò bá wọn kọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àwo náà mọ́ àyà, ó dorí kọ ẹnu ọ̀nà, iyẹ̀pẹ̀ ń dà sílẹ̀ tẹ̀ lé e. Yẹ́misí dìde, ó tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

"Bàbá Jonah," ó ní, "ẹ rọra gbé e. Iyẹ̀pẹ̀ ń dà sí yín láṣọ."

"Jẹ́ kó dà," Lazarus wí, ó sì gba iwájú Màmá Ọlábọ̀dé kọjá.